Àyè Tó Ṣẹ́kù Lókè Ìbuwọ́lù Ọ̀gá Mi

Láti Jakande títí dé Ajah, kò sí ọmọkùnrin kankan tó mọ òfin kọ́ńtíráàtì ìjọba bíi tèmi. Ẹ jí mi lójú oorun, màá kà á fún yín láti òkè délẹ̀: irú àpòòwé tí wọ́n ń lò, iye ẹ̀dà tí wọ́n ń gbà, ibi tí òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, aago tí wọ́n ń ti àpótí pa. Ẹ wá bi mí pé kọ́ńtíráàtì mélòó ni mo ti fi ìmọ̀ yìí gbà. Ẹ bi mí, ẹ má tijú. Òdo ni. Òdo rọ̀gọ̀dọ̀, bí èyí tí mo gbà nínú ìṣirò ní poli kí n tó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni mo fi poli sílẹ̀ o, poli ò lé mi. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí mo lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo lọ. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo ń kọ́. Ọdún kan àti díẹ̀ ni mo lò ńbẹ̀, nǹkan méjì péré ló sì dúró lórí mi: ibi tí ìyá ẹlẹ́wà máa ń jókòó sí, àti pé ilẹ̀ ayé ò tẹ́jú tó bí mo ṣe rò.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ń mú ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì wa fẹ̀ sí i. Yanrìn ló kún ibi gbogbo. Bí o bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde ní Jakande, kí o tó dé VGC, ó ti di àwọ̀ tíì onímílíìkì. Kátápílà ń bú ramúramù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé ló ń sáré wọ̀n ọ́n báyìí, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ríṣẹ́. Awọnlẹ̀ kan wà, àgbàlagbà, ará Ìjẹ̀bú, tó ní ọ́fíìsì lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà nítòsí Jakande. Yàrá kan ṣoṣo, tábìlì méjì, fáànù kan tó ń yí bí ẹni pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Òun ni mò ń pè ní Ọ̀gá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Ọ̀gá máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lé. Tí òun bá ti dijú kan, tó ń fi èkejì wo inú ẹ̀rọ, èmi á lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Á máa juwọ́ sí mi: sún sọ́tùn-ún, sún sósì, dúró jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ tí òpó iná lè ṣe dáadáa ni. Òpó iná ò tiẹ̀ ní í béèrè oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n Màámi ti sọ fún gbogbo ará ilé wa ní Jakande pé ẹnjiníà ni mí, èmi náà ò sì ní ó parọ́. Mo kàn máa ń gbé irin yẹn lé èjìká kọjá iwájú wọn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn ní abíyá, ó sì gbá tábìlì débi pé ife tíì mi fò.

"Wọ́n ti gbé e jáde!" ó ní. "Ìjọba ń wá awọnlẹ̀ tó máa wọn gbogbo gọ́tà àti àwọn àdúgbò tó wà lẹ́yìn ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko!"

"Ọ̀gá, ta la mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnikẹ́ni."

"Háà. Kí la wá ń yọ̀ sí, sà?"

"Òun gan-an là ń yọ̀ sí, ìwọ ọmọ yìí! Òfin ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó mọṣẹ́ ló máa gbà á, kì í ṣe ẹni tó mọ èèyàn."

Mo wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó fa ìwé òfin náà yọ, ó ní kí n fa àga mi súnmọ́ òun, ó sì kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ju bí poli ṣe kọ́ mi lódindi ọdún kan lọ.

"Àpòòwé méjì ni," ó ní. "Nínú àkọ́kọ́, a máa sọ ẹni tá a jẹ́, iṣẹ́ tá a ti ṣe rí, bá a ṣe máa ṣe eléyìí, àtàwọn tó máa bá wa ṣe é. Nínú èkejì, iye owó tá a fẹ́ gbà, tá a lẹ̀ pa. Àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ṣí, wọ́n á fún kálukú ní máàkì. Ẹni tí máàkì ẹ̀ ò bá tó, wọ́n á dá àpòòwé kejì padà fún un bó ṣe wà. Wọn ò ní í ṣí i rárá."

"Wọn ò ní í wo iye tó pè? Tó bá wá jẹ́ pé òun ló kéré jù ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ, ṣé dókítà tí owó ẹ̀ kéré jù lo máa wá lọ?"

Mo rò ó. "Ó dọwọ́ ibi tí wọ́n bá fẹ́ gé, sà."

Ọ̀gá pòṣé, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹnu ẹ̀ ń mì. "Ìdí nìyẹn tí owó ò fi gbọ́dọ̀ yọjú nínú àpòòwé àkọ́kọ́. Ì báà ṣe kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá ti rí owó, ojú wọn ò ní í rí iṣẹ́ mọ́. Ẹni tí owó bá yọjú nínú àpòòwé àkọ́kọ́ ẹ̀, wọ́n á lé e dànù lójú ẹsẹ̀."

Kí n má baà gbàgbé, mo mú báírò pupa, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà: OWÓ Ò GBỌ́DỌ̀ YỌJÚ. Ọ̀gá bínú nítorí ògiri, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ náà dáa.

Àǹtí tó máa ń tẹ̀wé fún wa ti lọ bímọ ní ilé ìyá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ní èmi lè tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá wò mí fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wo ilẹ̀ tí omi wà lábẹ́ ẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Gbọ́ dáadáa. Mo máa kọ orúkọ ẹ sínú àwọn tó máa ṣiṣẹ́ yìí. Olùrànlọ́wọ́ awọnlẹ̀. Tí a bá fi lè yege nínú àpòòwé àkọ́kọ́, orúkọ yẹn dúró nìyẹn. O ti di òṣìṣẹ́ mi gidi, màá sì dá ẹ padà sí poli kí o lọ parí ohun tó o bẹ̀rẹ̀."

Orí mi wú. Orúkọ tèmi, nínú ìwé tí ìjọba máa kà! Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n tẹ orúkọ mi sórí bébà, ara ògiri poli ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ohun tí wọ́n sì kọ sókè ẹ̀ ni pé àwọn tó máa tún ìdánwò ṣe nìyí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ ìwé náà, ìka méjì ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kọkànlá ni orúkọ mi wà. Mo tẹ̀ ẹ́ kékeré, mo tẹ̀ ẹ́ ńlá, mo tẹ̀ ẹ́ kó dúdú kirikiri. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ mi ti tóbi ju ti Ọ̀gá lọ. Ó rí i, ó kàn fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a padà sí bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa fi í sílẹ̀, Ọ̀gá ka gbogbo ẹ̀ láti orí dé ìparí, ó buwọ́ lù ú níbi gbogbo tó yẹ, ó fọwọ́ ara ẹ̀ fi ìwé owó sínú àpòòwé kejì, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tó ṣẹ́kù lórí tábìlì ni ìwé ti àpòòwé àkọ́kọ́, tí lẹ́tà ìkíni wà lórí ẹ̀. Ó ní kí n dì í pọ̀, kí n fi sínú àpòòwé, kí n lẹ̀ ẹ́, kí n tilẹ̀kùn. Ó lọ sílé.

Kí n tó dì í, mo sáré lọ jẹun nílé.

Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ni Màámi ń tà, níwájú fúláàtì wa ní Jakande. Ó ń ká wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Mo ní mo ti kọ̀wé sí ìjọba. Mo ní orúkọ mi wà nínú ẹ̀. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ àpòòwé méjì fún un, mo sì sọ iye tí Ọ̀gá pè é, nítorí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Màámi dá ṣíìtì tó ń ká dúró. "Iye yẹn náà lẹ pè é? Gbọnrangandan báyẹn? Ẹ ò fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n ráyè ná an?"

"Màámi, ìjọba kì í nájà."

"Ta ni kì í nájà? Ìyàwó olówó tó ń gbé ní VGC, tó ní mọ́tò mẹ́rin, ó dúró síbí yìí lánàá títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, nítorí pílòkéèsì méjì. Ìjọba wá ni ò ní í nájà? Gbọ́ mi. Ẹni tó bá pe iye ọjà, tí kò fi 'ẹ sọ tiyín' kún un, ó ti lé oníbàárà lọ nìyẹn. Wọ́n á ní ìgbéraga ló ń dà yín láàmú. Ẹ̀kọ́ ilé lásán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó."

Ẹ̀kọ́ ilé lásán. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lójú mi, mo ti rí àwọn ọ̀gá ìjọba tí wọ́n ṣí àpòòwé wa, tí wọ́n rí iye yẹn tó le koko, tí wọ́n ní, "Ẹ wo àwọn wọ̀nyí, wọn ò tiẹ̀ kí èèyàn." Mo sáré padà sí ọ́fíìsì, oúnjẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Mi ò lè fọwọ́ kan àpòòwé kejì, ó ti lẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ìkíni wà níta. Ọ̀gá ti buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Láàárín ìlà ìkẹyìn àti ìbuwọ́lù ẹ̀, àyè wà níbẹ̀, bí ìbú ìka mẹ́ta. Àyè yẹn ń wò mí. Mo mú rúlà, mo wọ̀n ọ́n, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo dá bébà padà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì tẹ ìlà méjì kún un. Nígbà tó jáde, ó bọ́ sáàárín àyè yẹn géérégé, kò kan òkè, kò kan ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ìgbésí ayé mi gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo tíì wọ̀n tó péye nìyẹn.

Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé: iye tí a pè nínú àpòòwé kejì ni mílíọ̀nù báyìí báyìí, ṣùgbọ́n kò le koko, ẹ pè wá, kí ẹ sọ tiyín, a máa gbọ́ra wa yé.

Mo gbójú sókè, mo rí ohun tí mo kọ sára ògiri. OWÓ Ò GBỌ́DỌ̀ YỌJÚ. Mo kà á. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Lójú tèmi, owó wà nínú àpòòwé kejì, ó sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Eléyìí, ìkíni ni. Mo dì í, mo lẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀kùn, mo ń fé súfèé lọ sílé.

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ti àpótí pa. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbà á jẹ́ ilé onípáànù kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Ajah, nítorí iṣẹ́ títì náà. A kúrò ní Jakande ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ọ̀gá wọ kóòtù, ó de táì. Èmi gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lé èjìká, nítorí ilẹ̀ kan wà ní Badore tá a gbọ́dọ̀ lọ wọ̀n lẹ́yìn náà, Ọ̀gá kì í sì í rin ìrìn kan fún iṣẹ́ kan.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá VGC díẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró. Tirela yanrìn kan ti dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí ẹni tó sọ pé ó rẹ òun. A jókòó sínú bọ́ọ̀sì, a wo aago. A tún wo aago. Nígbà tó di mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu àpòòwé.

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún wa. Títì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí wà níbẹ̀, ó ń dán, kò sí mọ́tò kankan lórí ẹ̀. Wọ́n kàn to dúrọ́ọ̀mù sí i kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀."

"Wọn ò tíì ṣí i."

"Fún mọ́tò ni wọn ò tíì ṣí i, sà. Ẹsẹ̀ la ní."

A bọ́lẹ̀. A ò tíì kọjá dúrọ́ọ̀mù kejì tí mégáàdì kan fi fọn fèrè sí wa. "Ẹ̀yin! Níbo lẹ rò pé ẹ ń lọ?"

Mo yí èjìká mi kó lè rí irin náà dáadáa. "Awọnlẹ̀ ni wá! Iṣẹ́ ìjọba!"

Mégáàdì bẹ́rí fún wa. Ó bẹ́rí! Láti ìgbà tí mo ti ń gbé irin yẹn, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fún mi níyì. A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ ò rí nǹkan. Ọ̀gá mi, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń sáré lórí títì tí táyà kankan ò tíì tẹ̀, táì ẹ̀ ń fò lẹ́yìn ọrùn, àpòòwé méjèèjì wà lábẹ́ kóòtù. Èmi wà lẹ́yìn, irin ń gbá mi létí ní gbogbo ìṣísẹ̀. Lápá òsì, gbogbo àwọn tó há sínú bọ́ọ̀sì ti yọrí.

"Bàbá, ẹ má dúró o!"

"Ta ló ń lé wọn?"

"Èyí ẹ̀yìn yẹn ló jí irin! Ẹ mú un!"

Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta la wọlé. Àpótí náà wà lórí tábìlì, onírin, kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n fi tì í. Obìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wọ gíláàsì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Máàdáámù ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti ìwé ńlá kan sọ́dọ̀ Ọ̀gá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹ kọ aago tẹ́ ẹ dé."

Ọ̀gá kọ ọ́. Ó ju àpòòwé méjèèjì sínú àpótí: gbì, gbì. Ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ọ̀kan rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà. Èkejì rán àwọn ọkùnrin méjì tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ka gbogbo wa. Mẹ́ta péré! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Aago méjìlá lù. Máàdáámù dìde, ó fi téèpù lẹ ẹnu àpótí pa. Kò tíì jókòó tán tí ọkùnrin kan fi já wọlé, súùtù ẹ̀ ti di yanrìn, àpòòwé rẹ̀ dán bí ìwé ìgbéyàwó. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló rán an wá láti Erékùṣù.

"Máàdáámù, ẹ jọ̀ọ́, tirela ló ṣubú."

Kí Máàdáámù tó lanu, èmi ti lanu. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo dìde dúró. "Méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì! Ojú ìwé kẹta ìwé òfin ni, èyí tó bá pẹ́, wọn ò ní í gbà á! Tirela yẹn náà la bá pàdé, a fẹsẹ̀ sáré wá ni!"

"Àbúrò, ṣé èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Bọ̀dá, òfin ni òfin! Wọn ò mojú ẹnikẹ́ni!"

Ọ̀gá ń fa ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ́yìn. Máàdáámù wo aago, ó wò mí, ó wo ọkùnrin náà. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ má bínú, sà. A ò lè gbà á. Ẹ lè dúró wo bá a ṣe máa ṣí i."

Ọkùnrin náà lọ dúró sẹ́bàá fèrèsé, ó káwọ́ lẹ́rán. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi jáde bí ẹni tó ni ilé.

Wọ́n ṣí àpótí. Ti ọmọbìnrin ẹlẹ́pà ni wọ́n kọ́kọ́ mú: Máàdáámù ka lẹ́tà ìkíni sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, lẹ́yìn náà ó ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n máa ka orúkọ mi sókè! Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣí ti àwọn ọkùnrin méjì yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo ń tún kọ́là mi ṣe.

Ó kan tiwa. Máàdáámù ṣí lẹ́tà. Ó ka ìkíni. Ó ka ilé-iṣẹ́ wa, ọdún tá a ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn ẹ̀ dùn mọ́ mi. Mo fẹnu tẹ̀ lé e, nítorí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó kà á dé ìlà ìkẹyìn, pẹ̀lú mílíọ̀nù wa nínú ẹ̀. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

Ọ̀gá dìde, ó lọ wò ó. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀. Ó ka ìlà méjèèjì, ó fi ìka kan ìbuwọ́lù ara ẹ̀, ó sì yíjú padà díẹ̀díẹ̀ títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. Ìgbà yẹn gan-an ni ògiri ọ́fíìsì wa padà wá sí ojú mi, pẹ̀lú báírò pupa tó wà lára ẹ̀.

"Ìbuwọ́lù mi ni," Ọ̀gá ní.

"Iye owó wà nínú àpòòwé àkọ́kọ́. A ò lè tẹ̀ síwájú pẹ̀lú eléyìí." Máàdáámù pa ìwé wa dé. Kò dé ojú ìwé kọkànlá.

Mo fò dìde. "Máàdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Kì í ṣe iye gan-an nìyẹn! Ìkíni ni! Mo ní kò le koko, kí ẹ sọ tiyín! Iye tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ pè é!"

"Arákùnrin, a kì í ná an níbí."

Láti ẹ̀bá fèrèsé, ọkùnrin onísúùtù yẹn la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. "Òfin ni òfin, àbúrò. Wọn ò mojú ẹnikẹ́ni."

Ọmọbìnrin yẹn fi ẹ̀pà há ara ẹ̀ lọ́fun. Wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Ilẹ̀ ò la ẹnu kó gbé mi mì.

Máàdáámù bá àwọn tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ṣí ìwé òfin, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan. Ó wá gbójú sókè. "Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Mẹ́ta ló kéré jù tí òfin gbà kí a lè tẹ̀ síwájú. Ó ti ku méjì. A máa fagi lé ti òní, a máa tún un polongo nínú ìwé ìròyìn, gbogbo ẹni tó bá wù ló lè tún mú àpòòwé wá."

Gbogbo ẹni tó bá wù! Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbọ́ ọ ju gbogbo wọn lọ. Ọkùnrin onísúùtù yẹn rọra wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó bá mi ṣọdún. "Àbúrò, o ṣeun. O lé mi jáde, o tún dá mi padà." Ọmọbìnrin ẹlẹ́pà ò dúpẹ́ ní tiẹ̀. Ó bojú wò mí, ó bú mi ní ohun tí mi ò ní í tún kọ síbí.

A jáde. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Badore mọ́. Orí títì tuntun yẹn náà la tún gbà, nítorí tirela ò tíì dìde. Ọ̀gá ń lọ níwájú, ó ti tú táì, ó fi àpòòwé kejì wa tí wọn ò ṣí sábẹ́ apá. Èmi ò lè dákẹ́, ara mi ń gbóná.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ká tún mú un wá! A ṣì wà níbẹ̀! Lóòótọ́, gbogbo wọn ti gbọ́ iye tiwa, ṣùgbọ́n ẹ máa pe òmíràn, àbí? Mo ti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Lọ́tẹ̀ yìí, màá tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta."

Ó ń lọ.

"Sà, orúkọ mi ńkọ́? Olùrànlọ́wọ́ awọnlẹ̀ yẹn. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Ó ń lọ.

"Tí ìyẹn bá ti pọ̀ jù, ẹ kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Bàtà ẹ̀ ń dún lórí ọ̀dà: kó, kó, kó.

"Ẹ tiẹ̀ lè fi poli sílẹ̀ ná, sà, kí orúkọ nìkan ṣáà wà. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ojú ìwé kọkànlá. Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ ọ́ tíntínní. Ọ̀gá, ẹ sọ tiyín."

Mo ti gbé irin sọ̀ kalẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó wò mí, ó wo irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ sórí títì.

"Gbé irin ẹ."